Ìkíni Tí Tíṣà Fagi Lé

Ní ìjẹta, òjò pa eruku pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Kado, òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, mo sì dúró gbagidi lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń dàgbà ní Abuja báyìí, tí ẹ máa ń fi Òyìnbó dá wa lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún yín. Mi ò tíì dàgbà o, irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń le ni, ṣùgbọ́n ojú mi ti rí ohun tí ojú àgbà míì ò rí.

Káńǹpù òṣìṣẹ́ la wà nígbà yẹn, lẹ́yìn Jabi. Ilé páànù, ilẹ̀ pupa, katapílà tó ń hó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Káfíńtà ni bàbá mi, ará Ọ̀yọ́. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ kò sọ́mọ tó mọ̀wé tó mi ní káńǹpù. Ẹ bi Múfú ọ̀rẹ́ mi. Òun gan-an máa ń ní, "Ìwọ yìí, ẹnu ẹ ló lọ sílé ìwé jù."

Ohun tí mo ń fẹ́ ni iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ní Minna. Wọ́n máa ní kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, tèmi sì máa ń dà bí ẹrù tí wọ́n kó síta nígbà tí ilé ń jó.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi dé, ará Ìlọrin. Ó ní tíṣà lòun, òun á máa kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀wé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀? Ní Abuja tí wọ́n ti ń ta omi? Gbogbo káńǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ló rán an wá ṣọ́ ilé tí wọ́n máa wó. Wọ́n ní bàtà rẹ̀ mọ́ jù. Èmi náà fura.

Síbẹ̀ bàbá mi yọ̀ǹda ṣẹ́ẹ̀dì tó ti ń ṣiṣẹ́, à ń jókòó lórí pákó. Tíṣà sọ fún wa pé ìpínrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan ni. Ó ní ìpínrọ̀ dà bí yàrá: láti ẹnu ọ̀nà ló ti yẹ kéèyàn mọ̀ bóyá ibi ìdáná ni àbí ibi oorun, kò sẹ́ni tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sórí ibùsùn. Ó ní ká fi Yorùbá kọ ọ́ ná. Ẹni tí kò bá lè to ọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀, Òyìnbó wo ló fẹ́ tò?

Mo kọ nípa iṣẹ́ bàbá mi. Mo fi "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú oòrùn, ara ò le bí?" bẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Tíṣà fagi lé gbogbo ìkíni yẹn. Nígbà tí mo kà á fún bàbá mi, ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Níbo lo ti kí èèyàn?"

"Tíṣà ló yọ ọ́."

"Ẹn-ẹ́n! Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má kíni, kí ló ń wá?"

Ọ̀rọ̀ ká káńǹpù. Nígbà tó di Sátidé, àwọn àgbà ti jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì kí Tíṣà tó dé. Tí wọ́n bá lé e, Minna di àlá nìyẹn.

Bàbá mi ní, "Tíṣà, ta ló rán yín wá?"

Tíṣà tẹrí ba. Ó kí wọn kú ìjókòó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sọ ibi tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ó tún ń sọ ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Lọ́kọ́ja. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú àwọn àgbà ń le sí i. Mi ò lè mú un mọ́ra.

"Sà! Ìpínrọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan!"

"Kai, ọmọ yìí!" Bíríkìlà kan rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Bàbá mi wò mí bíi pé ó máa kàn mí mọ́ pákó.

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjọba gbé mi wá sí ilé ìwé tí wọn ò tíì kọ́. Ìpìlẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ní Maitama. Mo kàn ń jókòó lásán ni, ẹ̀rù sì ń bà mí pé màá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ́ni."

Bàbá mi ò gbà á bẹ́ẹ̀ o. Ó rán bíríkìlà yẹn lọ wò ó lójú ẹsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dìde títí ó fi padà dé.

"Òtítọ́ ni. Ewúrẹ́ ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀."

"Ìkíni ńkọ́?" Bàbá mi ò tíì tán.

Tíṣà ní, "Ìkíni náà ọ̀rọ̀ ni, bàbá. Ẹ jẹ́ ká fún un ní yàrá tirẹ̀ níwájú."

"Ẹ ti wá ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ilé tí kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

Bí ẹ̀kọ́ ò ṣe dúró nìyẹn. Nígbà tí mo dé Minna, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ mi kí àwọn olùkọ́ àti ará ilé wọn pátá. Wọ́n gbà mí. Mi ò parí ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ṣá, ta ló lè jókòó sójú kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti wó káńǹpù. Wọ́n ti kọ́ ilé ìwé Tíṣà tán, ó sì ti lọ síbẹ̀. Bàbá mi ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé ọkùnrin yẹn ní ohun tó ń wá tí kò sọ, èmi náà ò sì lè búra. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń gbé iṣẹ́ fún mi bá kó ìwé wá, tí wọ́n da ọ̀rọ̀ rú mọ́ mi lójú, tí wọ́n ní kí n ṣáà fọwọ́ sí i, mo máa ń bi wọ́n pé, "Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ sọ gan-an, èwo ni?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń wojú ara wọn.