Apá Ràkíyà Tó Wú

Bí nọ́ọ̀sì ṣe fi sípírítì nu apá mi fún abẹ́rẹ́ kòrónà, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí Tudun Wada, àdúgbò Hausa tí mo gbé nígbà èwe, lọ́sàn-án ọjọ́ abẹ́rẹ́ yírunyírun, àrùn tí ń mú ọrùn ọmọdé gan. Ẹlẹ́hàá ni màmá mi, kì í jáde sáàárín ọkùnrin. Ó ní ká dúró de bàbá mi kó wá mú mi lọ. Kí bàbá tó dé, oògùn ti tán.

Ràkíyà ará ilé kejì na apá tí abẹ́rẹ́ ti mú wú sí mi: "Kai! Tìẹ dà?" Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo dàgbà kó tó yé mi pé ìjọba ì bá ti rán nọ́ọ̀sì obìnrin wọlé tọ̀ wá.

Lọ́jọ́ náà, màmá mi pe Ràkíyà, ó rọra fọwọ́ kan apá náà. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Gan-an ni, Màmá."

"Alihamudulilahi," ni màmá mi wí, ṣùgbọ́n ojú tí mo fi ń wo apá yẹn lòun náà fi ń wò ó.