Àgbàdo Etí Òrùlé Sàrátù

N kò fìdí kan bẹ́ǹṣì ilé ìwé rí, síbẹ̀ olùkọ́ tó lè bá mi jiyàn ìtàn ní Ìkẹ́rẹ́, wọn ò tíì bí i. Èmi ni mo sọ ọ́, kí ọdún 1983 tó gbóná, pé ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ìjọba ń tọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ìbò ló ń ṣíwájú, èrú a tẹ̀ lé e, iná a tẹ̀ lé èrú, sójà a wá gbá eérú.

Sàrátù, ìyá Táòfíkì, aládùúgbò mi, ò gbà. Ẹmùrè ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ. Ọkọ kú, ó ń fi oko àgbàdo tọ́ ọmọ. Irúgbìn rẹ̀ lókìkí. Ọdọọdún ló ń so ó kọ́ etí òrùlé níwájú ilé, lókè ààrò tó fi ń dín àkàrà, kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò wọ̀ ọ́.

Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, wọ́n kéde ìbò, ìlú dàrú. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó jí ìbò gbé, àgbàdo wà nínú àmì rẹ̀. Mo sáré lọ bá a.

"Ìyá Táòfíkì, tú àgbàdo yìí sílẹ̀. Wẹtíẹ̀ ti padà dé!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Aláròyé! Ṣé àgbàdo náà dìbò ni? Lọ́dún wẹtíẹ̀, tí wọ́n ń wọ́n bẹntiróòlù sílé onílé, màrìwò tí ọkọ mi há sẹ́nu ọ̀nà, àmì pé ti ẹgbẹ́ wọn la jẹ́, ló yọ wá. Mo ti há tèmi."

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tí inú ń bí bo títì bí eṣú.

"Ìyá, ẹ ò tilẹ̀ bò ó!" ni ọ̀kan nínú wọn ké. "Ẹ gbé àmì olè kọ́ ní gbangba!"

"Irúgbìn ni! Ẹ wo màrìwò!"

"Màrìwò ayé àtijọ́ nìyẹn. Àgbàdo là ń wò lónìí."

Wọ́n sọ iná sílé náà. Iná náà ga ju òkè Olósùnta lọ. Ojú mi ló ṣe. "Ulé mi o! Ulé mi o!" ni Sàrátù ń ké, àgbàdo ń ta lókè bíi gúgúrú. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún, sójà dé. Ṣebí mo ti wí.

Sàrátù fi páànù tó jóná kọ́ yàrá kan, ó tún ń so irúgbìn kọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ní 1993, rédíò ní wọ́n ti fagi lé ìbò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo kọjá lójúde rẹ̀, etí òrùlé ti ṣófo.

"Àgbàdo dà?"

"Mo ti fi se ègbo."

"Irúgbìn ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí títì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ki ewé bọ iwájú ọkọ̀.

"Bàbá, èyí tí wọ́n gbìn lọ́dún iná yẹn ti tún hù."