Mo Ní Kò Ní Kú

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé irọ́ ni mo ń pa, kó máa sọ ọ́ lọ jàre. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ mi gan-an ò tíì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ sáà sún mọ́ mi.

Kọ̀ǹpútà ni mo máa ń tún ṣe, ní Ìkòtún níbí. Ilé ìwòsàn aboyún kan lọ́nà Ìgandò ló pè mí. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú oyún ti kó fáírọ́ọ̀sì. Ó ti gbó, àmọ́ wọn ò lè pààrọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́ ti kọ̀ǹpútà mìíràn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe sọ́fíwíà tó ń lé fáírọ́ọ̀sì ò ṣe èyí tó bá irú ògbólógbòó bẹ́ẹ̀ mu mọ́. Àfi kí n gba kóòdù rẹ̀ ní tútù, kí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ sè é di sọ́fíwíà. Kọ́ńpáìlì là ń pè é. Ó dà bí ìgbà téèyàn ò rí gààrí rà, tó wá lọ hú ẹ̀gẹ́, tó bó o, tó rin ín, tó fún un, kó tó yan án. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ ni.

Àlàájà, nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló mú mi wọ yàrá náà lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

"Ti ilẹ̀kùn látinú," ó ní. "Àwọn aláboyún á kàn máa já wọlé ni."

Èmi fúnra mi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Iná wà. Oòrùn ń ràn lójú fèrèsé. Kì í ṣe òru o, ẹ gbà mí gbọ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ sì ń gbóná, torí fáànù inú rẹ̀ ò lágbára mọ́. Mo bá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, mo ń fi páálí fẹ́ ẹ. Tó bá kú lójú ọ̀nà, ó di kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Èébì náà ń gbé mi, torí mo lóyún, kò kàn tíì yọ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn mi, jẹ́jẹ́.

"Àǹtí, ṣé ó ń mí?"

Mo fẹ̀gbẹ́ ojú wò. Etí sùtánà funfun ni mo rí, àti ẹsẹ̀ láìsí bàtà. Àwọn aládùúrà pọ̀ ládùúgbò yẹn, wọn kì í sì í wọ bàtà sí sùtánà, nítorí náà mi ò kà á sí. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan ni, pé kọ̀ǹpútà ló ní lọ́kàn.

"Ó ń mí, mà," mo ní. Mi ò dáwọ́ páálí dúró. "Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò ní kú?"

"Kò ní kú, lágbára Ọlọ́run."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

"Ẹ ṣé. Ẹ bá mi gbé e."

Nǹkan kan bá tutù wọ abẹ́ ìdodo mi. Kò dùn mí o. Ó kàn tutù, ó sì wúwo.

Mo yíjú. Kò sẹ́nì kankan.

Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ dáadáa nígbà tí mo wọlé ti rún, àárín rẹ̀ sì tutù rinrin. Mo sáré sí ẹnu ọ̀nà, mo fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lójú ihò níbi tí mo fi í sí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mo figbe ta. Òdì ni mo ń yí kọ́kọ́rọ́ sí, àfìgbà tí Àlàájà dé ìta tó ń kígbe pé, "Ọwọ́ ọ̀tún! Yí i sọ́wọ́ ọ̀tún!"

Nígbà tí mo jáde, ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé ó bi ẹ́ pé ṣé ó ń mí?"

"Ẹ̀n, mà."

"Ṣé o dá a lóhùn?"

"Mo ní ó ń mí. Mo ní kò ní kú."

Àlàájà fi ìbòrí bo ẹnu. "Lá ìláhà illálláhù."

Ó ní obìnrin aládùúrà kan dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn nígbà kan rí. Wọ́n fi ẹ̀rọ wá ọkàn ọmọ inú rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Ó ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé ṣé ó ń mí, gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wolẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí òun náà fi kú.

"Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ níbí máa ń gbọ́ ọ," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "A kì í dáhùn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, mà?"

"Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wàá wá?"

Mi ò padà wọ yàrá yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Àlàájà pè mí lórí fóònù, ó ní kọ̀ǹpútà ti parí iṣẹ́ náà, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ta ló ń fi páálí fẹ́ ẹ?

Ẹ má tíì lọ o. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, mo ti ṣe àyẹ̀wò ní Ìyànà Ìpájà, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Nígbà tí oyún yọ, mo padà síbẹ̀. Dókítà ń yí ẹ̀rọ lórí ikùn mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Madam, ẹ kú oríire o! Ìbejì ni."

Mo ní ẹyọ kan lẹ rí níjọ́sí. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, pé ọ̀kan lè fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ń jó kiri ilé. Ìyá rẹ̀ ti ń ra aṣọ ọmọ ní méjì-méjì. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín ṣá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń tàpá nínú mi bó ṣe wù ú, èkejì á dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sílẹ̀. Èwo ni tèmi?

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ mi ti sún mọ́lé. Ẹ fi àdúrà rántí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ nílé onílé, pàápàá ẹ̀yin aboyún, tẹ́nì kan bá bi yín ní ohunkóhun látẹ̀yìn, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ wo ojú ẹ̀. Tẹ́ ò bá rí ojú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pa ẹnu yín dé.