Ẹyẹ Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Ìjọba

Èmi ni mo ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Kétu, láyé tí wọ́n ń pe gbogbo wa ní kámáráàdì. Ọ̀rọ̀ tí mo ń tẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kì í yé mi, ṣùgbọ́n bébà ibẹ̀ dára. Bí ìpàdé bá ti parí, ìwé ìkéde tó ṣẹ́kù á kún ilẹ̀. Ojú kan rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gàdàgbà àti àwòrán orí àwọn aṣáájú, ojú kejì funfun báláú. Èyí ni mo máa ń dì lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà lọ́nà Idigny. Fofó ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n níbẹ̀.

Fofó ń ṣe fíìmù àwòrán. Á ya ẹyẹ kan, á tún un yà, ìyẹ́ rẹ̀ á gbéra díẹ̀, á tún un yà. Ara gíláàsì fèrèsé ló ti ń ṣe é: á lẹ bébà mọ́ ọn, á gbé òmíràn lé e, oòrùn tó ń ti ẹ̀yìn wọlé á jẹ́ kó rí ibi tí ìyẹ́ wà tẹ́lẹ̀. Orí àwọn aṣáájú náà ń hàn nígbà náà, àmọ́ ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a kò rí i mọ́. Èédú, osùn àti omi ewé ló fi ń kun ún. Òyìnbó tíṣà kan tó padà sílé ti fi kámẹ́rà kékeré sílẹ̀ fún un. Fíìmù tí yóò kì sínú rẹ̀ nìkan ni kò ní, Kùtọnù ni wọ́n sì ti ń rí i.

Àlọ́ ìyá wa ló ń yà. Igi osè kan mu gbogbo omi ilẹ̀ wa sínú ikùn, àwọn ẹyẹ bẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn, ni ẹyẹ kékeré kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gún un lára títí omi fi tú jáde. Ẹni tó bá ti ru ìkòkò láti kànga jíjìn délé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Kétu kò ní bi ọ́ ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi ìdì bébà kan hàn mí, ó di etí rẹ̀ mú, ó jẹ́ kí àwọn bébà máa yọ́ kọjá lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ẹyẹ sì fò. Mo sunkún. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ẹyẹ, n kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó ká a sábẹ́ ikùn. Fofó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi sọ pé òun lè bá wa gba fíìmù ní Kùtọnù bí iṣẹ́ náà bá ṣe ará ìlú láǹfààní. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fofó ní, "Kò tíì pé. A kì í gbé ọmọ jáde kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ." Sùúrù kọ́ ni wọ́n bí mọ́ mi. Nígbà tó wà ní kíláàsì, mo kó gbogbo ìdì náà lọ bá ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ń ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìwé àdúrà. "Kámáráàdì, gbogbo rẹ̀ bákan náà ni. Kí ló ń rìn níbẹ̀?"

Ó bí mi nínú. "Ẹ wò ó báyìí, ọ̀gá." Mo gbé bébà méjì léra, mo nà wọ́n sókè sí fèrèsé kó lè rí bí ìyẹ́ ṣe kúrò níhìn-ín dé ọ̀hún.

Oòrùn là wọ́n kọjá. Nínú ikùn osè tó mu omi aráyé yó, orí àwọn aṣáájú jókòó kedere, ẹnu ẹyẹ sì wà lójú ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀gá béèrè ẹni tó rán mi.

Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ni wọ́n ti dáná sun gbogbo bébà náà. Wọ́n gba kámẹ́rà, wọ́n mú Fofó lọ fún oṣù mélòó kan. Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe èmi, wọ́n dá mi padà sídìí ẹ̀rọ. Ìwé tí wọ́n fi gba iṣẹ́ tíṣà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí títí dòní.

Nígbà tí wọ́n tú Fofó sílẹ̀, ó lọ ń dáko ní Odomèta. Kò bá mi wí rí, ì bá sì sàn kó bá mi wí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo bá a nínú oko ẹ̀gẹ́. Ó fi ara ti ọkọ́, ó ní, "Ìwọ nìkan lo rí ẹyẹ náà tó fò. Ṣé o rántí ibi tí mo yà á dé?"

Ayọ̀ sọ nínú mi. Mo rò pé ó fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Mo rántí dáadáa, Fofó. Ibi tí omi ti tú jáde, tí ẹyẹ fò kọjá lórí rẹ̀."

Ó gbé ọkọ́ kúrò nílẹ̀.

"N kò yà á débẹ̀," ló wí. "Mo rò pé èyí tí mo yà gan-an ṣì ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ro ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.