Àárọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Màmá Mi Jókòó Síwájú Katapílà

Ẹ̀gbọ́n màmá mi kì í wọ igbó tó wà lẹ́yìn Ìlóbì, ìlú wa lẹ́bàá bọ́dà, láìkọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Á ní, "Ilé onílé nìyí. Ẹni tó bá lẹ́kọ̀ọ́ á kànkùn." Ó mọ ibi tí ìgalà ń bímọ sí, kò sì fi han ọdẹ kankan rí. Láti ìsun tó wà láàárín igbó náà ni gbogbo wa ti ń pọnmi.

Lọ́dún tí ìjọba ti bọ́dà pa, àwọn kan fẹ́ wá wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì nínú igbó náà. Òwò ti kú, ebi sì ti wọlé, nítorí náà àwọn ará ìlú gbà. Òun nìkan ló kọ̀. Láàárọ̀ tí katapílà dé, ó tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà, ó jókòó.

Ìgbà tó gbójú sókè, àkọ́bí rẹ̀ ló rí lórí ẹ̀rọ náà, ẹni tó ti ń gbé ìrẹsì wọlé láti Kùtọnu tẹ́lẹ̀.

"Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kí ni kí n fún àwọn ọmọ jẹ?"

Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó dìde, ó ká ẹní rẹ̀. Katapílà kọjá.

Ọdún kò tíì yí po tí ìsun náà fi gbẹ. Omi tánkà la ń mu báyìí. Àkọ́bí rẹ̀ ló ń gbé tirẹ̀ wá láràárọ̀. Màmá rẹ̀ á ní, "O ṣé," á gba kẹ́ẹ̀gì náà, á sì wọlé láìwojú rẹ̀.