Àpò Àgékù Aṣọ Tí Mo Gbé Sá

Nígbà tí mo ṣì kéré, Ekurede-Urhobo ní Warri ni a ń gbé, nínú ilé oníyàrá méjì kan tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ìjẹ̀bú ni ìyá mi ti wá, télọ̀ sì ni. Bàbá mi ti kú kí n tó mọ̀wé kà dáadáa, nítorí náà ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló ń bọ́ èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àpò ìrẹsì méjì ló máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Aṣọ àwọn oníbàárà ló wà nínú ọ̀kan, àgékù ló wà nínú èkejì. Ìyá mi kì í da àgékù nù, ó máa ń fi í kún inú ìrọ̀rí tà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti gbọ́ nípa wàhálà Warri, ìjà àwọn ẹ̀yà tó jọ ń gbé ìlú náà. Yóò rọlẹ̀ díẹ̀, yóò tún ru sókè. Wọ́n á ti iléèwé, wọ́n á tún ṣí i. Ìjọba á ní kónílé ó gbélé. Ó wá di nǹkan tí a ń bá jí, tí a ń bá sùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìbọn dún ní àdúgbò wa gan-an. Èéfín ti ń yọ láti òpópónà kejì. Ìyá mi pọn àbúrò mi, ó yọ orí ẹ̀rọ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e rù. Ó ní, "Gbé àpò aṣọ yẹn, kí o máa tẹ̀ lé mi. Má wẹ̀yìn." Mo na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbé àpò, mo sá.

A rìn títí a fi dé Ugbolokposo, níbi tí ìjọ kan ti ṣí gbọ̀ngàn wọn sílẹ̀ fún àwọn tó sá wá. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni a jókòó sí. Nígbà tí ìyá mi tú ẹnu àpò, àgékù ló já jáde. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé aṣọ gidi lè wà níbẹ̀. Kò nà mí. Ó kàn wí pé, "Aṣọ aláṣọ ni a fi sílẹ̀ yẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" Mo gbàdúrà pé kí ó kúkú nà mí.

Àsìkò òjò ni, ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà sì tutù. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a ò sì ní aṣọ ìbora. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi da àgékù sílẹ̀, ó yá sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ obìnrin kan, ó gé páálí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n máa fi wọn aṣọ kí n tó gé e. Ẹ̀rọ wa ò lẹ́sẹ̀ mọ́, nítorí náà ọwọ́ ni a fi rán an. Ègé mẹ́ta lórí ìlà kan, ìlà mẹ́ta, ó di ojú kan. A ó wá to ojú kan mọ́ òmíràn títí yóò fi tó bo ọmọdé. Àǹkárá wà níbẹ̀, léèsì wà, gíní wà, yunifọ́ọ̀mù iléèwé wà. "Má rán léèsì mọ́ gíní, yóò fà á ya," ìyá mi á wí, ohun tó ń bá mi sọ lójúmọ́ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ gún mi títí orí ìka mi fi le. Nígbà tí a parí ti àbúrò mi, obìnrin tó yá wa ní sísọ́ọ̀sì ní kí a rán ti ọmọ òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ń rán an lọ. Ó rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n a ò lè ṣíwọ́, nítorí ẹni tó bá ṣíwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Ìròyìn dé pé ilé wa ti jóná. Lẹ́yìn ìyẹn, olùkọ́ obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà ìyá mi wá wa kàn. Ìró jọ́ọ̀jì ìyá rẹ̀ tó ti kú ló gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù kí ìjà tó dé pé kí ìyá mi fi rán búláòsì, ìyá mi sì ti gé e. Bí ìyá mi ṣe rí i, ó kúnlẹ̀. "Madam, abeg. Fire don burn am."

Obìnrin náà jókòó tì wá lórí sìmẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ìbora tó wà lẹ́sẹ̀ àbúrò mi. Ó na ìka sí ègé búlúù kan tó ní òwú wúrà. "Na my mama wrapper be dis," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ilé tiwọn náà ti jó. Kò ku nǹkan kan tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò pàápàá kò kù.

Kò tọrọ rẹ̀. Ìyá mi ló mú abẹ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ègé mẹ́rin péré ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó ń tú yẹn, inú bí mi, ojú sì tún tì mí pé inú bí mi. Obìnrin náà tọ́jú ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú Bíbélì rẹ̀, ó wá béèrè ẹni tó gbé àpò náà jáde. Ìyá mi nàka sí mi. Olùkọ́ náà dì mọ́ mi, ó ní, "Thank you, my pikin," ó sì sunkún sí mi léjìká. Ìyá mi yíjú sí ògiri.

Nígbà tó lọ tán, ìyá mi gé ègé mẹ́rin ní etí ìró tó wà nídìí ara rẹ̀, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. "Fi dí ojú ihò yẹn," ó ní. "Rọra ṣe é. O ti gbìyànjú."

Kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ṣe bíi ti olùkọ́ yẹn. Àwọn kan bú ìyá mi, àwọn kan ní ó jí aṣọ àwọn ni. Nígbà tí a kó lọ sí Ekpan, kò gba aṣọ tuntun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Síìpù àti etí aṣọ tó tú nìkan ló ń rán, aláṣọ á sì dúró tì í títí yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Ayé ti yí. Àwọn télọ̀ òde òní ń gbá àgékù sí gọ́tà, ẹ̀yin sì ń ra ìbora onírun lọ́jà. Mo ń bá yín sọ Yorùbá, Pidgin lẹ fi ń dá mi lóhùn. Ẹ ní kí ló dé tí n kì í sọ ìtàn yìí. Ó ń rẹ̀ mí ni. Ìlú ti rọ̀, ọmọ àwọn tó bára wọn jà ń fẹ́ra wọn sílé, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá sọ fún ìyá mi rí ìdí tí ilé rẹ̀ fi jó, èmi náà ò sì lágbára àtibéèrè mọ́.