Àlàájì Mọ́ṣúdù Tó Ń Yan Ike

Ẹgbẹ̀rin náírà ni Fọláwùmí, oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ Benson, ń ta búrẹ́dì kan lọ́jọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023. Méjìdínláàádọ́ta ló yan lọ́jọ́ náà, kò rí ẹyọ kan tà, torí gbogbo ẹ̀ ń rùn bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó jóná. Páànù irin tí Àlàájì Mọ́ṣúdù, aládùúgbò ẹ̀ tó ń fi ike ṣe asẹ́ omi, tì bọ inú ààrò ẹ̀ ló bá láàárín búrẹ́dì. Àlàájì gbé tiẹ̀ jáde, ó gbóòórùn ẹ̀, ó fajú ro.

"Fọláwùmí, wo nǹkan tí búrẹ́dì ẹ ṣe fún mi. Asẹ́ mi ti ń rùn bí ìyẹ̀fun."

Gbogbo ayé ń pè é ní Àlàájì, bẹ́ẹ̀ kò dé Mẹ́kà rí. Agbowa ló dé. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó lọ ike fífọ́ títí á fi dà bíi gàrí, kó kì í sínú páànù irin, kó gbé e síná. Tí iná bá mọ níwọ̀n, wóró ike á di ara wọn mú, ihò wẹ́wẹ́ á kù láàárín wọn, omi á gbabẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí á dúró. Tí iná bá kéré, á rún. Tó bá pọ̀ jù, á di òkúta.

Asẹ́ tó gbé lọ s'Ágbowa, òkúta ni. Ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ, ó da omi odò sórí asẹ́. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀kán kan ò kán. Ògúnwálé, ọ̀kan nínú wọn, bi í pé omi dà.

"Asẹ́ mi kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí kọjá," l'Àlàájì wí. "Omi tẹ́ ẹ bù wá yìí, ìdọ̀tí ni gbogbo ẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Fọláwùmí kì í ṣe ẹ̀rín. Omi kànga ẹ̀ pupa, búrẹ́dì ẹ̀ ń pọ́n nínú, méje làwọn tó ń gbà á tà, wọ́n ti ku méjì. Ó ní òun ò gbowó búrẹ́dì tó bàjẹ́.

"Omi tí mo lè rí ọwọ́ mi nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi, Àlàájì. Tóṣù yìí bá parí tí n ò rí i, mo ń padà sí Ọ̀yọ́ nìyẹn."

Ó wá jókòó tì í fọ́jọ́ mẹ́ta, ó ń wò ó. Ló bá rí i. Àlàájì ò ní aago. Tẹ̀sùbáà ló fi ń ka àkókò, ìyípo mẹ́wàá géérégé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ò ní kí i kú iṣẹ́, Àlàájì náà ò sì lè ṣe kó má dáhùn. Á bèèrè ilé, á bèèrè ọmọ, á bèèrè orúnkún ìyá onítọ̀hún. Tó bá ṣe tán, iye tó kà ti sọnù, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Ike á ti di òkúta.

Fọláwùmí gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó lóun á máa bá a dáhùn. Àlàájì kọ̀. Ó ní gbèsè ni ìkíni, ẹlòmíì kì í báni san án. Wọ́n fà á títí, ó gbà pé kó kọ orúkọ àwọn tó bá kí òun sílẹ̀, kóun lè dá wọn lóhùn tó bá yá. Èèyàn mọ́kànlá kí i lọ́jọ́ náà. Asẹ́ jáde, omi gba inú ẹ̀, Fọláwùmí rí òrùka ọwọ́ ẹ̀ nísàlẹ̀ abọ́. Kò lọ s'Ọ́yọ̀ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Àlàájì gba ilé èèyàn mẹ́sàn-án lọ, ó ń dá wọn lóhùn. Ẹni kẹwàá, Adéòjó apẹja, ti padà sí Ejinrin. Àlàájì wọkọ̀ lọ, ó dúró létí omi, ó ń juwọ́. Adéòjó fi ìbẹ̀rù wa ọkọ̀ ojú omi dé èbúté, ó ní ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ kí mi kú iṣẹ́ lánàá. Mo ní ẹ ṣé. Ilé ńkọ́?"

Ó wá ku Aisha aránṣọ, tó ti lọ bímọ l'Óṣogbo. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó fi máa dé, àìsàn ti dá Àlàájì dùbúlẹ̀, ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Aisha gbọ́mọ pọ̀n wọlé, kó tó kúnlẹ̀, Àlàájì ti gbọ́wọ́ sókè.

"Aisha, o ṣé o. Mo gbọ́. Ọmọ ńkọ́?"

Ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sin Àlàájì. Ìkíni Aisha ló san gbẹ̀yìn, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 2024, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́.